Akéwì Tó Ń Tẹ Ìwé Ìròyìn

Bí àwọn olùkọ́ bá ń ka orúkọ àwọn tó kọ́kọ́ kọ ewì Yorùbá sínú ìwé, wọn kì í fo Dénrelé Adétìmíkàn Ọbasá. Wọ́n á ní ìwé mẹ́ta ló ṣe, wọ́n á ka ọdún wọn, 1927, 1934 àti 1945, ó parí, ó di orúkọ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń jí ṣe láràárọ̀ ni wọn kì í dúró lé lórí. Akọ̀ròyìn ni Ọbasá. Ọdún 1924 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé The Yoruba News jáde n'Ìbàdàn, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó ń fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, ìlú náà kò sì ní òmíràn ṣáájú rẹ̀. Òun ló ni ilé ìtẹ̀wé Ìlàrẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, òun ni olóòtú, òun náà ni akéwì. Kò fi sílẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a ní 1945. Ẹni tó bá ti ṣe ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ rí, kó jẹ́ oṣù mẹ́fà péré, á mọ irú ẹrù tí mò ń sọ pé ọkùnrin yìí gbé fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ méjèèjì. Sùúrùlérè ni mò ń gbé, lẹ́bàá Lawanson, níbi tí ariwo ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ kì í ti í jẹ́ kéèyàn rò pé inú ìdákẹ́jẹ́ ni ewì ti ń wá. Mo ti kọ ìròyìn ọjà tó jóná, mo ti kọ ti ìjọba tó wọlé àti èyí tó kógbá sílé, mo sì ti kọ ewì sójú ewé kan náà pẹ̀lú wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ni ní yunifásítì a máa bi mí pé báwo ni mo ṣe ń pín ọkàn mi sọ́nà méjì. N kì í pín in. Ìwé ìròyìn ló sọ Ọbasá di irú akéwì tó dà. Ẹni tó bá yọ ti ìròyìn kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní mọ ohun tó ń kà, ojú kékeré ni yóò máa fi wo ọkùnrin ńlá.

Láti ọdún 1896 ló ti ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ. Ìyẹn jẹ́ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kí ìwé ìròyìn rẹ̀ tó dáyé. Ó ń ṣa òwe, ó ń ṣa oríkì, ó ń ṣa ọ̀rọ̀ Ifá, orin, àti ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tí àgbàlagbà ń sọ nídìí ọtí ẹ̀mu. Ó wà nínú Ẹgbẹ́ Àgbà-ò-tán n'Ìbàdàn, àwọn tó kàwé nílé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì ṣùgbọ́n tí wọn ò fẹ́ kí ìwé kíkà gba ọ̀rọ̀ ìran wọn lọ́wọ́ wọn. Isaac Babalọlá Akínyẹlé wà nínú wọn, ẹni tó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911, tó sì padà jọba Olúbàdàn ní 1955. Orúkọ ẹgbẹ́ náà gan-an ti sọ ohun tó ń dùn wọ́n lọ́kàn. Àgbà ò tíì tán nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká tètè bi wọ́n léèrè.

Kí ni a ń pe ẹni tó ń kiri ìlú, tó ń bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, tó sì mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti gbọ́ ọ? Kí Ọbasá tó ní ìwé ìròyìn ló ti ń ṣe iṣẹ́ akọ̀ròyìn. Nígbà tó wá ní i, ó ní ibi tí yóò máa kó ẹrù sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ní àwọn tí yóò máa dá a lóhùn.

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan nìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀. L'Ékòó níhìn-ín, Adéoyè Dẹ́níga gbé ìwé ìròyìn Èkó Àkéte jáde ní 1922, E. A. Akíntàn gbé Elétí-Ọfẹ tẹ̀lé e ní 1923, I. B. Thomas sì dá Akéde Èkó sílẹ̀ ní 1928. Inú Akéde Èkó ni Thomas ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá ní 1929, obìnrin kan tó ti gbé ayé fàájì títí, tí àìsàn wá dè mọ́lẹ̀, tó ń fi ojú omijé rántí ohun tó ti ṣe. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Àwọn òǹkàwé ò mọ̀, wọ́n gbà pé ẹlẹ́mìí ni Sẹ̀gilọlá, wọ́n ń bá a kẹ́dùn, wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nítorí rẹ̀. Ó di ìwé ní 1930, òun sì ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ń pè ní ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Inú ìwé ìròyìn ni ìtàn àròsọ wa ti là, inú rẹ̀ náà ni ewì Ọbasá ti gbó kó tó di ìwé. Kò sí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńlá kan nígbà náà tí yóò fowó sílẹ̀ kó ní kí akéwì lọ jókòó kọ ìwé wá. Ìwé ìròyìn nìkan ló ní òǹkàwé tó ti mọ́ lára láti máa rà á, akéwì sì wọ ọkọ̀ náà, ó bá a dé ibi tó ń lọ.

Ẹ̀sùn kan wà tí wọ́n máa ń fi kan Ọbasá, ó sì máa ń bí mi nínú bí mo bá gbọ́ ọ. Wọ́n ní kì í ṣe akéwì, akójọ-òwe ni. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́nu gbogbo ayé ló kó jọ, tó wá fi orúkọ ara rẹ̀ lé e. Òótọ́ ni pé bí ẹ bá ṣí èyíkéyìí nínú ìwé rẹ̀, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ tí ìyá yín ti sọ fún yín rí. Orí ọ̀rọ̀ kan ni yóò gbé ka iwájú, ti ìwà kan tàbí ti irú èèyàn kan, lẹ́yìn náà ni òwe yóò máa tẹ̀lé òwe. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà, kẹ́ ẹ fi etí kà á. Òwe àkọ́kọ́ á là á kalẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e á bá a jiyàn. Ẹ̀kẹta á fi àwọn méjèèjì ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀kẹrin á wá fi ọgbọ́n mú ọ padà sí ibi tí o ti gbéra, o ò sì ní mọ̀ pé ẹnì kan ló mú ọ lọ́wọ́. Ta ló tò ó bẹ́ẹ̀? Ẹnu ayé tó ni òwe kò tò ó. Mo ti jókòó nídìí àkọsílẹ̀ rí, mo ní ọ̀rọ̀ ẹni mẹ́fà nílẹ̀ lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ẹni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sòótọ́, iṣẹ́ sì kù nílẹ̀ bí ẹni pé n ò gbọ́ nǹkan kan. Ta ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ ta ni kó kẹ́yìn? Bí mo bá fi ti ọlọ́pàá ṣáájú ti ìyá ọmọ, ìtàn mìíràn ni. Iṣẹ́ tí Ọbasá fi òwe ṣe nìyẹn, mo sì fọwọ́ sọ̀yà pé ewì ni.

N ò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dọ́gba. Àwọn kan gùn jù. Ẹ ó kà á títí, òwe ń wọ́ tẹ̀lé òwe, ẹ ó rí i pé ó ti yẹ kó dúró níbì kan tí kò dúró. Èmi mọ ohun tó máa ń fa irú rẹ̀. Ọjọ́ ìtẹ̀wé ti pé, ojú ewé ṣófo, ọwọ́ olóòtú sì wà nínú àpò tó kún fún ọ̀rọ̀. Ìwé ìròyìn tó ń bọ́ akéwì náà ló máa ń ti í.

Àwọn tó ń kọ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà lónìí lè má mọ ohun tí títẹ ìwé fi ojú akéwì ayé àtijọ́ rí. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo ṣiṣẹ́ díẹ̀ nílé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Mushin tó ṣì ń fi lẹ́tà òjé tẹ̀wé nígbà tí àwọn tó kù ti ń gbàgbé rẹ̀. Àpótí pẹrẹsẹ kan wà níwájú ẹni, wọ́n pín in sí kòtò wẹ́wẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà nínú kòtò tirẹ̀. Ọwọ́ òsì di irin kan mú bí ẹni di àwo, ọwọ́ ọ̀tún ń ṣa lẹ́tà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn dojú kodò, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn síwájú. Irin náà ní ìwọ̀n. Bí ìlà bá kún, ó kún, kò sí àrọwà. Nílé ìtẹ̀wé tí mo wà, lẹ́tà tó ní ààmì lábẹ́ kì í pọ̀ tó. Ẹ ronú ewì Yorùbá tí ọ̀ àti ẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ bí erùpẹ̀, kí kòtò ọ ṣófo nígbà tí ìlà kejìlá kù. Àwọn kan a tẹ o lásán, wọ́n á wá fi pẹ́ẹ̀nì to ààmì sábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ìwé bá jáde, ewé kan tẹ̀lé ewé kan. Ọ̀gá wa nígbà náà a máa wo ewì kó tó fọwọ́ kàn án, á ní, “Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ mìíràn síbí.” Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe èémí akéwì nìkan ló ń gé ìlà ewì. Fífẹ̀ òpó ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn ń gé e, iye lẹ́tà tó wà nínú àpótí náà ń gé e. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń ka Ọbasá, tí mo rí ìlà rẹ̀ tó kúrú, tó mọ́ra, tí ọ̀rọ̀ kan kò ṣẹ́kù nínú rẹ̀, mo máa ń rí ọwọ́ atẹ̀wé níbẹ̀. Ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé mọ iye tí ọ̀rọ̀ asán ń náni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan tí ojú mi tó hàn yín. Lọ́dún kan tí ọjà gbówó lórí gan-an, mo dúró ra bọ̀ọ̀lì lọ́wọ́ ìyá kan lọ́nà Ìtirẹ́. Mo ní, “Ìyá, ẹ bá mi dín in kù díẹ̀.” Kò bínú. Ó ń fẹ́ iná rẹ̀, ó ní, “Èrè àná ni mo fi kún owó ọjà òní, ọmọ mi. Èwo ni mo wá jẹ?” Mo san owó, mo lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò lọ. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún un tí kò ní bà á jẹ́. Mo gbé e kalẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, mo wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo ti gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ àti lẹ́nu bàbá kan tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, mo fi wọ́n yí i ká, mo kọ Ọ̀wọ́n sórí rẹ̀, ó wọ ìwé ìròyìn lọ́sẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ tó jáde, mo lọ dúró ní Ọjúẹlẹ́gba, nídìí ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn lábẹ́ bíríìjì. Àwọn tó ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ti pé jọ bí wọ́n ṣe máa ń pé láràárọ̀, ẹni tí kò rówó ra ọ̀kan ń ka gbogbo rẹ̀ ní ìdúró. Ọkùnrin kan rí ewì náà, ó gbé ohùn sókè kà á fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ ìyá oníbọ̀ọ̀lì, kò kà á bó ṣe wà. Ó ní, “Èwo la wá jẹ?” Mo kọ “mo”, ó ka “a”. Gbogbo wọn ní ẹ ò rí nǹkan. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti owó ilé rẹ̀. Nígbà tí mo kó ewì náà sínú ìwé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, “a” ni mo kọ. Èmi kọ́ ló tún un ṣe. Lójú mi, irú ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí Ọbasá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn: ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ìlú wá ń padà sẹ́nu ìlú, ìlú á fi ọwọ́ tirẹ̀ kàn án.

Bàbá mi fi mí sílé-kéwú kí n tó mọ A-B-D. Díẹ̀ tí mo mọ̀ nínú èdè Lárúbáwá ni mo fi ń rìn lọ sọ́dọ̀ àwọn akéwì wọn títí dòní, mo sì ń fi ìwé ìtumọ̀ kún un níbi tí ẹsẹ̀ mi kò bá dé. Ẹni tí mo rí níbẹ̀ tó jọ Ọbasá jù lójú mi ni Mahmoud Darwish, ọmọ Palẹ́sítínì. Abúlé al-Birwa ni wọ́n bí i sí ní 1941. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ogun 1948 lé àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Lẹ́bánọ́nì, nígbà tí wọ́n sì yọ́ padà, abúlé ò sí mọ́, wọ́n ti wó o. Kí ó tó pé ọgbọ̀n ọdún, iṣẹ́ tó ń ṣe ní Haifa ni ti ìwé ìròyìn: ó wà lọ́dọ̀ al-Ittihad, ó sì jẹ́ olóòtú al-Jadid. Wọ́n ń tì í mọ́lé, wọ́n ń dá a padà síbi iṣẹ́. Ó kúrò nílé ní 1970, ó gba Mọ́sìkò dé Káírò, ó bá ìwé ìròyìn al-Ahram ṣiṣẹ́, ó bọ́ sí Beirut ní 1973. Níbẹ̀ ló ti dá ìwé àtìgbàdégbà al-Karmel sílẹ̀ ní 1981. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì dó ti Beirut ní 1982, ó wà nínú ìlú náà, ó sì fi odidi ìwé kan sọ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn, tó fi dé orí bó ṣe ń wá ọ̀nà dé ilé ìdáná lọ se kọfí rẹ̀ lábẹ́ bọ́ǹbù. Akọ̀ròyìn ló mọ̀ pé kọfí yẹn ṣe pàtàkì. Akéwì tí kò ṣe iṣẹ́ ìròyìn rí ì bá ti sáré lọ sórí ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Al-Karmel tẹ̀ lé e kúrò ní Beirut lọ sí Kípírọ́ọ̀sì, ó tẹ̀ lé e dé Ramallah. Ọdún 2008 ló kú, ní Houston ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn.

Ìyàtọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì, ó sì tóbi. Darwish fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, “èmi” pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì bá àwọn tó fẹ́ kó máa sọ kìkì ohun tí ìlú fẹ́ gbọ́ jà títí ó fi kú. Ọbasá fi ara rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn àgbà. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló ní ìwé tí wọ́n ń ṣe olóòtú rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó lè sọ fún wọn pé àyè ò sí fún ewì lọ́sẹ̀ yìí. Ìdí tí mo fi ń pa wọ́n pọ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá yìí wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Nígbà tí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú, kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba Sẹ̀nẹ̀gà kọ̀, wọ́n ní àwọn Lárúbáwá Àríwá Áfíríkà kò gbọdọ̀ kópa bí àwọn tó kù. Nàìjíríà ní wọ́n á wá, wọ́n sì wá ní 1977, sí gbọ̀ngàn Ìgànmú tó wà nínú Sùúrùlérè wa níbí. Ní Agége, tí kò jìnnà, Sheikh Adam Abdullahi al-Ilori ti gbé Markaz, ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá rẹ̀, kalẹ̀ láti 1955, lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1952. Títí tó fi papò dà ní 1992, ó ń kọ ìwé ní Lárúbáwá, ó ń kọ ewì, ó ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀, ó sì kọ ìwé lórí lítíréṣọ̀ Lárúbáwá nílẹ̀ wa, tí àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà ò lè fò dá. Òun náà mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun dé ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí yóò tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀dọ́ àlùfáà kan wà ní Ìtirẹ́ tó máa ń wá kí mi. Ó kọ ewì Lárúbáwá kan lórí ìlà epo bẹntiróòlù, ó gbọ́n, ó dùn, ó tẹ̀lé òfin ìwọ̀n ewì wọn láìkọsẹ̀. Ó kà á níbi wòlímọ̀ kan. Wọ́n náwó fún un. Nínú àwọn tó náwó, mélòó ló gbọ́ ohun tó sọ? Wọ́n gbọ́ pé Lárúbáwá ni, wọ́n rò pé àdúrà ni. Ó dùn mí dé ọkàn. Kò sí ìwé ìròyìn tí mo mọ̀ l'Ékòó tí mo lè gbé e lọ bá pé ẹ tẹ èyí lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ fi Yorùbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọbasá fi èdè méjì ṣe ìwé ìròyìn kan ní 1924. Kí ló dé tí àwa kò lè ṣe é?

Ọdún tí ìwé ewì rẹ̀ kẹta jáde ni Ọbasá kú, ìwé ìròyìn náà sì bá a lọ. Lẹ́yìn ìgbà tirẹ̀, rédíò ló gba ewì lọ́wọ́ ìwé ìròyìn, tẹlifíṣọ̀n tẹ̀lé e láti 1959, àwo orin náà gba tirẹ̀. Láńrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ fi ohùn wọn wọ ilé tí ìwé ò lè wọ̀, inú mi dùn sí i. Nínú ìwé ìròyìn, ewì wá di ohun tí olóòtú fi ń dí àlàfo bí ìpolówó ọjà bá já sílẹ̀. Mo ti bá àwọn olóòtú kan jà lórí rẹ̀, n ò sì ní dákẹ́: ẹ fún ewì ní àyè tirẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìròyìn tó ń bá wí, kó má jẹ́ ẹ̀yìn ewé eré bọ́ọ̀lù.

Orí fóònù ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ewì wá fún mi báyìí ti ń kọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ẹ̀bùn. Ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n: ẹnu ta lo ti gbọ́ ọ? Ẹni tó bá ní ìdáhùn, a jókòó, a jọ tún un ṣe. Ẹni tí kò bá ní, mo máa ń ní kó wọ dánfó láti Ọjúẹlẹ́gba lọ sí Mushin lásìkò tí èèyàn ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, kó pa fóònù, kó sì mú ìwé kékeré dání. Ọmọbìnrin kan lọ lóṣù tó kọjá, ó sì mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta bọ̀ lẹ́nu kọ̀ńdọ̀. Méjì nínú wọn la tẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. A ṣì ń wá ohun tí yóò dá ẹ̀kẹta lóhùn.